Etí Ọmọ Ìbàdàn ní Chengdu

Ẹtì, 13 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Láti Èkó dé Addis Ababa, láti Addis Ababa dé Chengdu ní Ṣáínà, mi ò mọ iye wákàtí tí mo fi jókòó. Orúnkún mi nìkan ló lè sọ. Aago ọwọ́ mi ṣì ń ka ti ilé, aago kan ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ti ibí ti di mẹ́jọ alẹ́.

Ètò pàṣípààrọ̀ olùkọ́ ló gbé mi wá: ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Olùkọ́ tó gbà mí lálejò ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páálí tó kọ orúkọ mi sí. Àmì ohùn pé sórí orúkọ náà, kò dín ọ̀kan. Ìwé ìrìnnà mi gan-an kò ní àmì kankan lórí. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní bí mo ṣe kọ ọ́ nínú lẹ́tà ni òun ṣe dà á kọ, torí òun rò pé bí òun bá yọ ọ̀kan, orúkọ ẹlòmíì ni òun máa gbé dání. Mo ti fẹ́ràn obìnrin yìí kó tó gba báàgì lọ́wọ́ mi.

Nínú ọkọ̀, ìbéèrè kejì tó bi mí ni ti ọjọ́ orí. Òyìnbó ì bá ti bínú. Mo ní mọ́kànléláàádọ́ta. Òun jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. "Ó dáa," ó ní, "ẹ̀gbọ́n mi ni yín." Láti ìgbà náà, jiějie ló ń pè mí, ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn. Orúkọ tó fara balẹ̀ kọ yẹn, kò pè é mọ́ títí mo fi kúrò.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹsàn-án

Mo rò pé mo máa sùn. Wọ́n ní ilé-ìwé wà. Ọdún òṣùpá ń bọ̀, ìsinmi bẹ̀rẹ̀ láti Àìkú títí di Ìṣẹ́gun, ìjọba sì ti ní kí gbogbo ènìyàn fi Àbámẹ́ta san díẹ̀ lára rẹ̀. Mi ò rí ìsinmi àwìn rí láyé mi.

Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, oòrùn kò tíì yọ. Bí Ṣáínà ṣe fẹ̀ tó, aago kan ṣoṣo, aago Beijing, ni gbogbo rẹ̀ ń lò, Chengdu sì jìnnà réré sí ìwọ̀-oòrùn Beijing. Oòrùn máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ níbí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í pẹ́. Kí n tó dé kíláàsì ni mo ti ń gbọ́ wọn. Gbogbo wọn ń kàwé sókè lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù ń ka tirẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ilé kéú tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọjà'ba.

Olórí kíláàsì ké ọ̀rọ̀ kan, bí àádọ́ta ọmọ dìde gìrì: "Lǎoshī hǎo!" Lǎoshī ni olùkọ́. Kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ lásán, oyè ni. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ń pe olùgbàlejò mi bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Nílé, "Tíṣà" ni wọ́n ń pe èmi náà ní àdúgbò, àmọ́ nígbà míì, bí wọ́n ṣe ń pè é, àfi bí ẹni ń bá mi kẹ́dùn owó oṣù.

Àwọn ọmọ fẹ́ kọ́ mi ní èdè tiwọn kí n tó kọ́ wọn ní ti ẹlòmíì. Ọmọbìnrin kan kọ mẹ́rin sójú pátákó: mā, má, mǎ, mà. Ìyá; ewéko tí wọ́n ń fi ṣe okùn; ẹṣin; kí a bú ènìyàn. Mo rí àmì òkè, mo rí àmì ìsàlẹ̀, mo ní iṣẹ́ ti parí. Mo kà á bí ọmọ Yorùbá ṣe máa kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí àga.

Àmì kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí wọ́n fi ọ̀pá gbọọrọ lé lórí ni ohùn òkè wa. Èyí tó ní àmì òkè, ń ṣe ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, bíi "màá" nínú "màá lọ". Èyí tó ní àmì ìsàlẹ̀ ń ti òkè já wálẹ̀, bíi "máà" nínú "máà lọ". Ẹṣin ló rọrùn jù: ohùn ìsàlẹ̀ wa ni, wọ́n kàn máa ń gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀ bó bá kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Mo tún un kà. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Ọmọ tó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ní òyìnbó kan tí òun mọ̀ lo oṣù mẹ́ta kó tó dẹ́kun pípe ìyá òun ní ẹṣin.

Mo wá kọ tiwa: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí wọ́n fi gbà á. A kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan lọ́jọ́ náà.

Àìkú, 15 oṣù Kẹsàn-án

Ọjà kan wà lẹ́yìn ilé tí mo dé sí. Mo dá lọ ra ọsàn, kí n lè fi òǹkà tí mo kọ́ ṣe nǹkan. Ìyá àgbà tó ń tà á gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní "sì kuài". Kuài ni wọ́n ń pe yuan, owó Ṣáínà, lẹ́nu ọjà. Sì ni mẹ́rin. Mo ka mẹ́rin lé e lọ́wọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì gbé àgbélébùú sí mi lójú. Bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ka mẹ́wàá nìyẹn.

Olùgbàlejò mi ló tú u fún mi nígbà tó yá. Ọ̀pọ̀ ará Chengdu kì í pe "sh". Mẹ́wàá ni shí nínú èdè tí ìjọba fi ń kọ́ni. Lẹ́nu àwọn ará ibí, "s" lásán ni, ohùn rẹ̀ sì já wálẹ̀, tí ó fi jọ mẹ́rin gan-an létí ẹni tó kọ́ òǹkà nínú ìwé. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì nítorí ìlú rẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi, níbi tí iṣu ti ń jẹ́ isu, tí iṣẹ́ ń jẹ́ isẹ́. Ní yunifásítì, àwọn ọmọ Èkó a ní kí n wí pé "Ṣọlá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe iṣẹ́ náà", kí wọ́n lè máa rín. Mi ò mọ̀ pé ìlú kan tí èrò rẹ̀ lé ní ogún mílíọ̀nù wà lẹ́yìn mi.

Wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ya n sọ́tọ̀ kúrò lára l. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí "ní ọjà" ṣe ń di "lọ́jà" fún un, ṣùgbọ́n ooru ń mú, ọsàn wà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò parí síbẹ̀. Bébà tí mo nà sí ìyá àgbà yẹn, ó gbà á bí ẹni gba ẹyọ owó ẹyọ, ó sì wá ṣéńjì títí nínú ìkòkò kan. Gbogbo ènìyàn tó kù ń na fóònù sí páálí kékeré kan tó so mọ́ ìwọ̀n, tí àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun wà lára rẹ̀. Ẹlẹ́pà ní tirẹ̀. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní tirẹ̀. Káàdì bánkì tí mo gbé wá láti ilé kọ̀ jálẹ̀ láti wọ inú WeChat, áàpù orí fóònù tí wọ́n fi ń sanwó, nítorí náà, fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, olùgbàlejò mi ló ń sanwó, èmi a sì ka bébà fún un nílé bí ọmọ tó jẹ gbèsè.

Níbẹ̀ ló sì ti pa mí lẹ́rìn-ín, torí ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ ná owó bébà láyé. Irin ni wọ́n fi ń rọ owó ní Sichuan, ìpínlẹ̀ tí Chengdu wà, nígbà náà, ó wúwo, kò sì níye lórí. Àwọn oníṣòwò Chengdu wá ń gba irin ènìyàn pamọ́, wọ́n ń fún un ní ìwé tó lè ná dípò rẹ̀. Jiāozǐ ni wọ́n ń pè é. Ní 1023, ìjọba gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún un. Ẹgbẹ̀rún ọdún kọjá, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan bébà mọ́. Èmi tí mo tò sí ìlà owó ní oṣù Kejì ọdún 2023, tí mo fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS, mi ò lè fojú di bébà bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ṣì ń ká a pọ̀ sínú ìgbátí ìró mi.

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹsàn-án

Ilé àwọn òbí olùgbàlejò mi la ti ṣe ọdún òṣùpá. Kí a tó gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹfà, ènìyàn mẹ́ta ló ti bi mí pé ṣé mo ti jẹun. "Chī le ma?" Fún àwọn méjì àkọ́kọ́, mo to gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Lórí ẹnì kẹta ló tó yé mi pé ìkíni ni, bí ìgbà tí a bá ní "ṣé àlàáfíà ni", tí kò sẹ́ni tó ń retí kí o mẹ́nu ba làkúrègbé.

Àkàrà òṣùpá wọn yí roboto, wọ́n tẹ iṣẹ́ ọnà sí i lórí, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ wà láàárín ṣúgà. Mo jẹ ìdajì, mo fi ìdajì sínú báàgì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òṣùpá yọ lóòótọ́. Ilé alájà ọgbọ̀n ló gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹsàn-án

Láàárín òwúrọ̀, orin kan jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà lókè pátákó. Gbogbo kíláàsì dijú. Wọ́n ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ imú, wọ́n tẹ abẹ́ ojú, wọ́n tẹ ẹ̀bátí, ohùn kan sì ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta fún wọn. Eré ìdárayá ojú ni, kí ìwé má baà fọ́ ọ. Mo wo iye ọmọ tó wọ awò nínú kíláàsì, mo rí i pé ìwé ló ń borí.

Lọ́sàn-án, wọ́n jẹun tán, wọ́n sùn. Kálukú fa ìrọ̀rí kékeré yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n pa iná, olùkọ́ náà gbórí lé tábìlì. Ilé-ìwé odindi dákẹ́ bí oko lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi nìkan ni mo lajú, mo ń ka àwọn orí. Mo ní mo máa gbé àṣà yìí lọ sílé, mo sì rántí àwọn òbí kan, mo fi sílẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ ni wọ́n kúrò nínú kíláàsì. Ìdánwò gāokǎo, èyí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ni gbogbo rẹ̀ ń wò lókèèrè. Oṣù Kẹfà ni wọ́n ń ṣe é, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́dún yìí jẹ́ mílíọ̀nù 13.42. Mo bi ọmọkùnrin kan pé kí ló fẹ́ràn láti máa ṣe bó bá délé. Ó rò ó pẹ́, ó wá ohun tó máa wu olùkọ́ gbọ́, kò rí. "Kí n sùn," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ó pọ̀ jù. Mo mọ ojú tí JAMB fi ń wo ọmọ, àmọ́ àwọn ọmọ tiwa ṣì ń ríbi gbá bọ́ọ̀lù.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹsàn-án

Ọgbà kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Àwọn Ènìyàn, Renmin Gongyuan. Bí ẹnì kan bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Chengdu, kó lo gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Ilé tíì Heming wà nínú rẹ̀ láti 1923. Àga ọparun, tábìlì kéékèèké lábẹ́ igi, ife tó ní ìdérí lókè àti àwo nísàlẹ̀. O ra ife kan, o ní àga títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣí ìdérí sílẹ̀, onítíì á gbé kẹ́tùrù dé, á tún omi gbígbóná bù sí i. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Àwọn bàbá ń ta káàdì, àwọn ìyá ń ta májòǹgì, ayò wọn, ariwo àwọn ọmọ ayò náà bí òjò yìnyín lórí páànù. Mo rí bàbá méjì tó jókòó dojú kọra wọn láìsọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan, tí ọ̀kan wá dìde, ó dágbére, ó lọ. Mo rántí ìdí ọpọ́n ayò nílé bàbá mi. Tiwa ní èébú nínú.

Ọkùnrin kan ń kiri láàárín tábìlì, ó ń dún irin ẹlẹ́nu méjì, "gíín". Olùrotí ni, ẹni tó ń ro etí. Ó so iná mọ́ iwájú orí, ó kó ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dání, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ńlá wà lẹ́nu ọ̀kan. Olùgbàlejò mi ní kí n má ṣe é. Ṣùgbọ́n etí ni mo fi ń jẹun ní ìlú yìí, mo ní kó tún un ṣe. Ó yọ ohun tí mi ò ní ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ló ki ìyẹ́ sí i, ó gbá irin, ó fi kan ọ̀pá ìyẹ́ náà, ìró sì kún orí mi bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì látinú. Ẹsẹ̀ mi dìde fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, mo gbọ́ ohun gbogbo, títí kan obìnrin tábìlì kejì tó ń bi ọkọ rẹ̀ bóyá irun dídì mi jẹ́ ti orí mi. Olùgbàlejò mi ló túmọ̀ rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn ibẹ̀, wọ́n na okùn, wọ́n fi bébà kọ́ sí i bí aṣọ tí a sá. Mo rò pé ìdíje àròkọ ni. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ, ọmọ tí kò tíì láya ni: ọdún ìbí, gíga, ìwé tó kà, iṣẹ́, owó oṣù, ṣé ó ní ilé. Àwọn òbí jókòó sábẹ́ bébà ọmọ wọn, wọ́n ń ka ti ẹlòmíì. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò mọ̀ pé ìyá wọn pa orúkọ wọn sórí okùn. Alárinà tiwa kì í kọ owó oṣù síta, ó máa ń sọ ọ́ sí ọ létí. Ìyá kan bi mí bóyá mo ní ọmọkùnrin. Mo ní ọ̀kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ṣírò nǹkan lọ́kàn, ó ní kí n padà wá lọ́dún mẹ́fà.

Òpó gíga kan wà nínú ọgbà náà, fún àwọn tó kú ní 1911. Àwọn ará Sichuan ti dáwó jọ láti la ọ̀nà rélùwéè. Ìjọba ọba gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fẹ́ fi yá owó lọ́dọ̀ àwọn àjèjì. Ìlú dìde. Ọdún yẹn kò parí tí ilé ọba fi ń wó lulẹ̀. Lábẹ́ òpó náà lónìí, àwọn obìnrin bí ọgọ́ta, tí ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì, ń jó ijó kan náà tẹ̀lé gbohùngbohùn tó tóbi ju àpótí aṣọ mi lọ. Wọ́n fà mí wọlé. Mo jó bọ̀lọ̀jọ̀ sí i, ọmọ kékeré kan sì ń tọ́ka sí mi, ó ń ké, "Wàiguórén! Wàiguórén!" Ará òkèèrè nìyẹn. Gbogbo òyìnbó tí mo ti bá wọn ké "Òyìnbó pẹ́pẹ́" lé lórí ní kékeré, ẹ dárí jì mí.

Àìkú, 22 oṣù Kẹsàn-án

Ìkòkò iná. Wọ́n gbé e sáàárín tábìlì, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, wọ́n là á sí méjì: omi pupa lápá kan, omi funfun lápá kejì. Olùgbàlejò mi yí funfun sọ́dọ̀ mi. Mo yí i padà.

Ẹran tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ni ṣàkì. Inú mi dùn bí ẹni rí ará ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun, ẹ̀jẹ̀ dídì, ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó wà nídìí tábìlì wa ní òun á máa jẹ ọ̀dùnkún. Ṣàkì yìí, wọn kì í sè é. O fi igi ìjẹun mú un, o rì í wọ omi pupa, o fà á sókè, léraléra bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti jinná. Èmi tí mo máa ń fi wákàtí méjì gbé e kaná! Mo fi eyín kàn án tìfura-tìfura. Ó ń ró kèù kèù. Ó dùn.

Ata kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ata pupa yẹn kò sì jẹ́ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ tiwa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá bá àwa méjèèjì. Onílé ibẹ̀ ni huājiāo, èèpo èso kékeré kan tó ní àwọ̀ bí ilẹ̀ pupa, tó sì lẹ́nu bí ẹyẹ tó ń yán. Mo jẹ ọ̀kan láìmọ̀. Kò gbóná. Ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí fóònù tó wà lórí tábìlì, ahọ́n mi sì kú díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu wá sí ìdí. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí kí n pariwo.

Mi ò pariwo, torí mo ń ronú. Ẹnu mi mọ nǹkan yìí. Mo ti pàdé rẹ̀ níbì kan, tipẹ́tipẹ́, kì í sì í ṣe nínú oúnjẹ. Mo wá a títí a fi délé, mi ò rí i. Mo ra àpò kékeré kan.

Ajé sí Ẹtì, 23 sí 27 oṣù Kẹsàn-án

Iṣẹ́. Kùrukùru. Ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti ń pa á lówe pé ajá Sichuan a máa gbó bí oòrùn bá yọ, torí kò mọ̀ ọ́n rí. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń wo gbogbo àìsàn: mo wúkọ́, omi gbígbóná; ẹ̀yìn dùn mí, omi gbígbóná; mo ní àárò ilé ń sọ mí, olùkọ́ físíìsì bu omi gbígbóná fún mi. Mo ra fúláàsì.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹsàn-án

Rélùwéè gbé wa dé Dujiangyan, kò pẹ́ rárá. Odò Min ń ti orí òkè bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sì ti là á sí méjì láti nǹkan bí 256 kí wọ́n tó bí Jésù. Li Bing, gómìnà agbègbè náà, ló ṣe olórí iṣẹ́. Kò dí odò náà rárá. Ó mọ erékùṣù gígùn kan sáàárín rẹ̀ tó ní imú bí ẹnu ẹja. Omi lu imú yẹn, ó pín, apá kan gba ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ lọ, apá kejì gba àárín òkè wọ inú oko. Kò tíì sí ẹ̀tù nígbà náà. Wọ́n dáná sun àpáta, wọ́n da omi tútù lù ú kó lè sán. Omi yẹn ṣì ń bomi rin oko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chengdu lónìí. Gbogbo ọdún ni wọ́n máa ń kó yanrìn ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dá mi dúró. Mo wà ní kékeré nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ 1980, mo rí ohun tí omi gbé lọ. Ọ̀rọ̀ kíkó ìdí odò lọ́dọọdún, ó yé mi dé egungun.

Mo dúró lórí afárá onókùn tó ń mì, mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Olùgbàlejò mi rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó fún mi ní omi gbígbóná.

Àìkú, 29 oṣù Kẹsàn-án

Ilé-ìwé, lọ́jọ́ Àìkú. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ń san sílẹ̀. Mo gbàdúrà nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, mo rọ̀ mọ́ irin lókè orí, ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan wà níhà mi.

Kíláàsì ìkẹyìn. Wọ́n ní kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń dúpẹ́. Mo kọ "ẹ ṣé" sójú pátákó, mo pè é pẹ̀lú "ṣ" tó dájú, ti ilé-ìwé. Àádọ́ta ọmọ dáhùn: "Ẹ sé!" Mo wo ẹnu wọn. Ohùn pé, ọ̀wọ̀ pé. Ọjà'ba gan-an ni. Mi ò tún un ṣe.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹwàá

Àsíá pupa wà lára gbogbo òpó iná. Ọjọ́ tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ ní 1949 bọ́ sí ọjọ́ tí àwa gba òmìnira ní 1960. Mo ti sọ fún olùgbàlejò mi, ó sì lọ wá aṣọ aláwọ̀ ewé kan wọ̀ láti sìn mí dé pápákọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan míì nínú wa, a kàn ń tún àpótí náà tò.

Àìkú, 6 oṣù Kẹwàá, Ìbàdàn

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo tú huājiāo díẹ̀ sínú àwo fún wọn, mo ní kí wọ́n rọra. Wọ́n mú ẹyọ méjì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi ahọ́n kan ètè.

"Orín àtá rèé," wọ́n wí.

Ara mi bù máṣọ. Orín bàbá bàbá mi, egbò igi àtá tí wọ́n ń rún láràárọ̀ níwájú ilé. Mo jí i jẹ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ẹnu mi kú, mo sunkún pé mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe igi huājiāo. Zanthoxylum náà ni wọ́n ń pe àtá wa. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀?" Ìyá mi tún mú ẹyọ kan.

"Wọ́n ń fi se ọbẹ̀, Màámi."

Wọ́n rún un pẹ́.

"Eyín wọn á dáa."